Ìwé ìtàn àròsọ ọdún 1970 sí 1979: èwo ni kí n wá fún bàbá ọkọ mi?

Ọmọ Òkè-Pósù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Iṣẹ́ tíṣà ni bàbá ọkọ mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ò ríran kàwé mọ́, àmọ́ etí wọn ṣì mú ṣáṣá, ẹnu wọn tún mú jù ú lọ. Rédíò ti sú wọn. Wọ́n ní kí n wá ìwé ìtàn àròsọ tó jẹ́ ti àsìkò tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù, ìyẹn láti 1970 lọ sókè, kí ọmọ mi tó wà ní SS2 máa kà á sí wọn létí lálaalẹ́. Ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kò burú. Ohun tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ni ìwé tó ń wàásù.

Ibi tọ́rọ̀ ti rú mi lójú rèé: ṣé ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà gan-an ni kí n wá, àbí èyí tí àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí kọ nípa ìgbà náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà wọ́n, ẹ sọ èyí tó dáa, ẹ sọ èyí tí kò dáa. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bọ́tà pa á.

Káfíńtà Ayétòrò
Fágúnwà ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ra Ògbójú Ọdẹ, ẹ ra Ìrèké Oníbùdó, ẹ jẹ́ kí Bàbá gbádùn ara wọn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Káfíńtà, rọra. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde, 1963 sì ni Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe àsìkò yẹn ni ìyàwó wa ń bèèrè.

Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú Bàbá. Màá sọ tèmi bó ṣe rí lọ́kàn mi, ẹni tí kò bá gbà kó ta kò mí. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí ayé ṣe rí láàárín 1970 sí 1979, ìwé olè àti ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń jà lé lórí.

Ẹni tó ń kọ ìtàn olè kò lè sá fún ohun tó wà nílẹ̀. Ó di dandan kó sọ irú mọ́tò tí olè gbé sá lọ, ọ̀nà tó gbà, ilé ọtí tó yà sí, ẹni tó gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, òǹkàwé á mú un. Àwọn tó ń kọ ìwé ńláńlá ní tiwọn, ìlú tí kò sí lórí máàpù ni wọ́n ń kó wa lọ. T. M. Aluko kọ Chief the Honourable Minister ní 1970, ìtàn ọ̀gá ilé-ìwé kan tí wọ́n ṣàdédé fi ṣe mínísítà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n Afromacoland ni Aluko pe orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ kọ The Combat ní 1972, ọ̀rẹ́ méjì dojú ìjà kọ ara wọn lórí ọmọ tó kú. Ogun abẹ́lé ló ń sọ, ó kàn da aṣọ bò ó ni. Mi ò bú wọn. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ẹnu lè kó bá orí a máa fi òwe sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí títì, ọjà àti àgọ́ ọlọ́pàá, kó lọ bá Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Kọ́lá Akínlàdé.

Ọdún 1971 ni Àgbàlagbà Akàn ti Òkédìjí jáde. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń dọdẹ àwọn aṣebi kiri. Ẹ wá wo ọdún yẹn o. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìíní 1970, ìbọn ti wọ ìgboro, ìjọba sì ti ṣòfin lọ́dún 1970 kan náà pé ikú ni èrè adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn fún Oyenusi, ọ̀gá àwọn adigunjalè, ní etíkun Bar Beach lójú ẹgbàágbèje èèyàn. Ẹni tó ra ìwé Òkédìjí lọ́dún yẹn, tó sì ń kà á lálẹ́, ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó.

Akínlàdé yàtọ̀. Ta Ló Pa Ọmọ Ọba jáde ní 1971, Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, ọmọlúàbí tó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Yorùbá Akínlàdé ò le, gbólóhùn rẹ̀ ò gùn, ọmọ SS2 lè kà á láìkọsẹ̀. Ti Òkédìjí, òwe lórí òwe ni, ẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀fẹ̀. Bí ọmọ ò bá mí dáadáa, èémí á gé e láàárín gbólóhùn. Ẹ fi Akínlàdé ṣíwájú.

Ìyá Ìbejì Olúwo
Tíṣà, ẹ kú làákàyè o. Ṣé olè nìkan ló wà láyé nígbà náà ni? Àwọn èèyàn ò fẹ́ra wọn?

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọdún 1974 ló jáde, òun ni kí wọ́n kà fún Bàbá. Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń wá ìyàwó. Àṣàkẹ́ ń bẹ, Lọ́lá ń bẹ, Ṣadé ń bẹ. Ọkùnrin náà ò níwà ìkà, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bó bá jẹ́ ìkà ni, obìnrin á tètè mọ̀, á sì yẹra fún un. Onínúure tí kò lè pinnu ló ń báyé obìnrin jẹ́. Mi ò ní sọ ìparí rẹ̀, àmọ́ ìsọ̀ ẹja mi ni mo ti kà á parí, oníbàárà dé, ó ń ná ẹja, mi ò dá a lóhùn, ó rò pé òkú ló ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun ti wo fíìmù rẹ̀. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 dáa, àwa náà la sáré lọ dá ìró kúkurú tó gba ìgboro nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ò lè gbé ohun tí Àjàní ń rò sínú, ibẹ̀ sì ni adùn wà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, ìwé gidi lẹ mú wá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1974 ló jáde, ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú ìgbà náà ló ń sọ.

Ìyá Ìbejì Olúwo
Bàbá, ìfẹ́ ò ní déètì o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nofórìjà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, èmi fara mọ́ àwọn ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn. Wọ́n bí mi lẹ́yìn 2000. Tí mo bá ṣí ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà, wọ́n á kàn sọ pé Údòjì dé, wọ́n á sì kọjá lọ. Ta ni Údòjì? Ṣé èèyàn ni àbí àìsàn? Àwọn tó ń kọ̀wé nísinsìnyí mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀, wọ́n ń mú mi lọ́wọ́.

Sefi Atta ni kẹ́ ẹ wò. Everything Good Will Come jáde ní 2005, ṣùgbọ́n 1971 ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Èkó, nígbà tí Ẹniìtàn wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Òun àti Ṣẹrí ọ̀rẹ́ rẹ̀ la bá dàgbà. The Bead Collector jáde ní 2019. Oṣù Kìíní 1976 ló bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń ta káàdì ìkíni pàdé ará Amẹ́ríkà kan tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ó lè jẹ́ amí. Gbogbo ẹ̀rù tó wà nígboro Èkó kí wọ́n tó pa Múrítàlá, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ló wà níbẹ̀. Èmi ò mọ ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà tó jẹ́ kí n mọ ọ́n lára báyẹn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, o ṣeun, o sọ ọ́ dáadáa. Údòjì, orúkọ èèyàn ni. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ní kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni owó náà balẹ̀, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ra rédíógíráàmù, kò pẹ́ tí gbogbo nǹkan lọ́jà fi wọ́n ju owó tá a gbà lọ.

Mo ti ka The Bead Collector. Bí àwọn ìyàwó olówó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú pátì, òǹkọ̀wé náà mọ̀ ọ́n, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo rí wí sí i ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí, òǹkàwé náà sì ti mọ̀ ọ́n. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ la ti ń retí ìbọn. Àwa tá a wà láyé lọ́jọ́ náà, a ò retí nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976. Ìwọ̀nba ohun tá a gbọ́ ni orin àwọn ṣọ́jà lórí rédíò, lẹ́yìn náà Dimka ní òun ti gbàjọba, ó sì fi kọ́fíù dè wá láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwa ń wo ara wa: ṣé òru ni ká wá máa lọ sọ́jà ni? Ìgbà tó ṣe la tó mọ̀ pé wọ́n ti pa Múrítàlá. Ìwé tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ogójì ọdún kì í sábà ní irú òmùgọ̀ ẹ̀rín yẹn nínú, torí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà nìyẹn. Ẹni tó ń kọ̀wé ní 1976 kò mọ̀ pé owó epo máa gbẹ. Ó ń bínú sí àwọn olówó ojijì bí ẹni pé wọn ò ní tán láéláé. Ìbínú yẹn, o ò lè rọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ṣùgbọ́n fún ọmọ SS2, mo gbà fún ọ. Kó ka Everything Good Will Come ní tirẹ̀, kó má kà á fún Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọbìnrin ò ní lè kà jáde lẹ́nu níwájú bàbá bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti kà á ṣáájú.

Bùrọ̀dá Ìtóìkín
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi alágbàṣe. Festus Iyayi, Violence, 1979. Ìlú Bìní ló ti ṣẹlẹ̀. Idemudia àti Adisa, tọkọtaya tí ò rí jẹ. Ó dé ibi tí Idemudia ń ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n lè jẹun. Ibì kan wà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń já ṣìmẹ́ńtì lára ọkọ̀. Èmi ti já ṣìmẹ́ńtì rí, mo mọ bó ṣe ń jó ni lọ́rùn tí òógùn bá bá a pọ̀, mo mọ bí itọ́ ṣe ń dì lẹ́nu. Ọkùnrin yẹn ò kọ irọ́.

Ẹ rántí pé 1975 ni ṣìmẹ́ńtì kún èbúté Àpápá débi pé àwọn ọkọ̀ òkun tò lọ bíi rẹ́rẹ lójú omi, wọn ò ríbi já a sí, òmíràn sì dì sínú ọkọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ra ṣìmẹ́ńtì ju èyí tí ojú lè rí lọ, ẹni tó ń rù ú ò rówó oúnjẹ. Kò sí ìwé tó jẹ́ kí n lóye ìgbà yẹn tó o.

Àmọ́ ẹ má kà á fún Bàbá lálẹ́. Wọn ò ní sùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Mo ti ń ka gbogbo yín látàárọ̀. Ẹ ti gbàgbé Kolera Kolej ti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. 1975. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, dípò kí ìjọba wá ìwòsàn, wọ́n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òmìnira kí àrùn lè di ti ẹlòmíràn! Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò. Tíṣà ní àwọn ìwé báyìí ń sá fún ohun tó wà nílẹ̀. Mi ò gbà o, sà. Onígbáméjì jà ní orílẹ̀-èdè yìí lóòótọ́ ní 1970 wọ 1971, àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa níṣẹ́ ṣì máa ń sọ ọ́ tẹ̀rùtẹ̀rù. Ọ̀ṣọ́fisan mú àìsàn tí gbogbo ilé mọ̀, ó fi ìjọba sínú rẹ̀. Ìyẹn ò jìnnà sí òtítọ́ ju olè jíjà lọ. Ìwé náà ò tóbi, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Bàbá tó ṣe tíṣà á mọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní orúkọ ara ilé-ìwé tiwọn.

Buchi Emecheta náà wà níbẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ obìnrin kan láti ìgbà náà. Second-Class Citizen, 1974. Ada kúrò ní Èkó, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí London, òun ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bímọ, òun ló ń tọ́jú ilé. Ó kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tán pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ọkọ dáná sun ún. Nígbà tí mo débẹ̀, mo pa ìwé dé, mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. The Joys of Motherhood, 1979, tún lágbára jù ú, ṣùgbọ́n ayé láti nǹkan bí 1934 ló ń sọ. Ìyẹn á jẹ́ ti ìyá Bàbá, kì í ṣe ti Bàbá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Nọ́ọ̀sì, lórí ti onígbáméjì, o mú mi. Màá tún un kà.

Lórí Emecheta, mi ò sọ pé ìwé rẹ̀ ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé London ló wà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Sà, ìdajì àwọn tá a jọ jáde ilé-ìwé ló wà ní London. Ẹ̀pẹ́ náà wà níbẹ̀.

Káfíńtà Ayétòrò
Ẹ dákẹ́ ná. Ṣóyínká ńkọ́? Wọ́n ní ó kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Season of Anomy, wọ́n ní ìlú kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Aiyéró, tí wọ́n ń pín gbogbo nǹkan dọ́gba. Ṣé Ayétòrò tiwa ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Rárá o. Ayétòrò ti etíkun Ìlàjẹ ni àwọn tó mọ ìwé náà sọ pé ó wò kó tó kọ ọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun lórí omi níbẹ̀. 1973 ló jáde. Ìpànìyàn tó ṣáájú ogun ló gba inú rẹ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí ojú ẹja panla. Ẹ má fi lé ọmọ SS2 lọ́wọ́, á kórìíra ìwé kíkà títí ayé.

Káfíńtà Ayétòrò
Kò burú. Tí wọ́n bá fẹ́ máa pín nǹkan dọ́gba ní Ayétòrò tiwa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí owó ìsọ̀.

Ọmọ Fóònù
Mo ní PDF mẹ́ta nínú àwọn tẹ́ ẹ dárúkọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Alábòójútó
Mo ti yọ líǹkì yẹn kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í pín ìwé tó ṣì ní olówó níbí. Òǹkọ̀wé míì wà láyé, ti òmíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ níbẹ̀. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ti lè rà á.

Mo Ń Ta Alòkù
Èmi nìyí. Ó Le Kú rọrùn, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ra tuntun. Àwọn yòókù, ẹ wá àwa tá à ń ta alòkù ní Yábàá àti lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, tàbí kẹ́ ẹ ní kí èèyàn bá yín wò ó ní Ìbàdàn. Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò ní ojú ìwé ìkẹyìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn ìwé wò, tó bá ń ró kẹ́kẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kú, ewé á máa já lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Tó bá gbẹ, á pọ́n, á sì fa ọ̀rọ̀ ya kúrò lára ìwé. Ìwé tó bá ń rùn, atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, ẹ má sá a sóòrùn gangan.

Ohun kejì: àkọtọ́, ìyẹn bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tá à ń lò báyìí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú, ẹ lè rí "aiye", "enia", "nwọn", "okọnrin" nínú rẹ̀, òmíràn ò sì ní àmì ohùn tó pé. Ọmọ yín á rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì. Kó máa fi ojú ka abala kan ní ìdákẹ́jẹ́ kó tó ké e síta.

Àgbàlagbà Akàn kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, òǹtẹ̀ ilé-ìwé girama kan ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n fi bírò dúdú pa orúkọ ilé-ìwé náà rẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò pa á dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi pẹ́ńsù kọ ìtúmọ̀ òwe sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ojú ìwé títí dé ìdajì. Láti ìdajì lọ, kò kọ nǹkan kan mọ́. Ìtàn ti gbé e lọ. Mi ò fẹ́ tà á, mo kàn ń sọ ni.

Ọmọ Òkè-Pósù
Ẹ ṣeun o, ẹ ò ní rí ibi. Ẹnìkan nínú yín tí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun ti yá wa ní Àgbàlagbà Akàn àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ pé Tíṣà ní kí Akínlàdé ṣíwájú, Bàbá ló ní Òkédìjí làwọn fẹ́.

Wàhálà tuntun ti dé. Ọmọ ò lè ka ojú ìwé kan tán kí Bàbá má dá a dúró. Ó débi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó, ọmọ béèrè ohun tó ń jẹ́ ṣílè, ìyẹn gba gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní ọmọ ò ka òwe kan dáadáa, wọ́n ní kó tún un kà, ó tún un kà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pa á. Ọmọ ti ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ìyàwó wa, ìyẹn fi hàn pé ìwé ń ṣiṣẹ́. Sọ fún ọmọ kó mú nǹkan méjì yìí sọ́kàn, á dín ìbéèrè kù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú ọjọ́ náà, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì ni owó inú rẹ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Èkejì ni pé ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ òsì là ń gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi mọ́tò lé ẹlòmíràn nínú ìwé 1971, kó yí i padà lójú ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rò pé wọ́n fẹ́ kọ lu ara wọn.

Ní ti òwe, kí Bàbá máa parí rẹ̀. Bí ọmọ bá dé ìbẹ̀rẹ̀ òwe, kó dákẹ́. Bàbá á gbà á lẹ́nu rẹ̀, inú wọn á dùn, ọmọ á sì sinmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nofórìjà
Kí ọmọ náà ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú, kó má jẹ́ pé iṣẹ́ Bàbá nìkan ló ń ṣe. Pacesetters ni kẹ́ ẹ wá fún un, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1977. Ìfẹ́, fàyàwọ́, adigunjalè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, wọn ò sì gùn.

Ọmọ Òkè-Pósù
Mo bi Bàbá ohun tí wọ́n máa ń kà gan-an nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ tíṣà. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "James Hadley Chase," òyìnbó tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn. Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ìbéèrè míì?

Ìyá Ìbejì Olúwo
Háà! Tíṣà ti fọgbọ́n sá! Gbogbo yín lẹ kà á, abẹ́ ìrọ̀rí lẹ ń fi pamọ́ sí nítorí àwòrán ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.

Bùrọ̀dá Ìtóìkín
Tí Bàbá bá ṣe tíṣà, ẹ wá Expo '77 ti Chukwuemeka Ike fún wọn. 1980 ló jáde, ṣùgbọ́n ìdánwò WAEC ọdún 1977 tó tú jáde ló dá lé, ìyẹn ọdún tí ọ̀rọ̀ "ẹ̀sípò" di ohun tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀. Bàbá á sọ fún yín ẹni tó tà á fún wọn ní ilé-ìwé tiwọn, kẹ́ ẹ ti fọ́nrán sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Èmi á yá wọn ní Kolera Kolej. Mò ń bọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣé kí n fi sílẹ̀ ní ìsọ̀ Ìyá Ìbejì?

Ìyá Ìbejì Olúwo
Ẹ gbé e wá, nọ́ọ̀sì wa. Àmọ́ ẹ fi ọ̀rá méjì wé e dáadáa, ẹja yíyan ni mò ń tà, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ìwé yín ń rùn. Tí n bá sì ti kà á kí wọ́n tó wá mú un, kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Káfíńtà Ayétòrò
Ta ló ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba tó lè yá mi? Ẹ má tíì sọ ẹni tó pa á o.